Lẹ́tà sí Mọ̀mí Abẹ́òkúta, lórí ìwé tí mò ń kọ

Mọ̀mí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo gbọ́ vóìsì nóòtù tí ẹ fi ránṣẹ́, mo tún un gbọ́ torí ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé mo ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo jókòó sílé mò ń kọ ìwé nípa ọ̀rọ̀ ilé wa àti àìsàn àbúrò mi, ẹ wá ní ṣé àìsàn ti tán nígboro ni mo fi kọjú sí tilé. Ó pa mí lẹ́rìn-ín jàre.

Òótọ́ ni, mo ti kúrò, mi ò sì kábàámọ̀ ọdún tí mo lò ńbẹ̀. Ẹ rántí ọdún Ẹ̀bólà? August 2014, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ẹ pè mí pé kí n dìde fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀ ńbẹ̀, mo ní Mọ̀mí irọ́ ni, ẹ ní agídí mi pọ̀. Orí fóònù ni mo wà pẹ̀lú àwọn dókítà lọ́jọ́ yẹn, torí àwọn tó mu iyọ̀ jù ti ń dé ọsibítù. Èèyàn 20 ni Ẹ̀bólà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Adadevoh tó kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer, ẹni tó kó Ẹ̀bólà wọ Nàìjíríà, ò ní jáde ní ọsibítù wà lára wọn. Ẹni tó bá kọ irú ìròyìn yẹn ti ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ìlera ní bó ṣe máa ń lọ. Màá lọ bá ìyá tọ́mọ ẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ládìde, ní wọ́ọ̀dù, màá bi í pé ẹ̀jẹ̀ pọ́ńtì mélòó ni wọ́n fà sí i lára, ta ló sanwó, màá yí orúkọ ẹ̀ padà, ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn á jẹ́ ti dókítà tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì gẹ́nótáìpù. Ó tán. Mọ̀mí tó bí wa ni oníròyìn kankan ò bi ní ìbéèrè yẹn rí títí wọ́n fi lọ.

Ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀ nígbà tí kíráísíìsì, ìrora àwọn SS, bá dé lóru. Mọ̀mí máa gbé omi kaná, ẹ̀yin máa fi Aboniki ra orúnkún àbúrò mi títí gbogbo yàrá á fi máa ta èèyàn lójú, èmi máa di tọ́ọ̀ṣì mú. Ojú ẹ̀ á ti di yẹ́lò. Tó bá wá fúyẹ́ díẹ̀ á ní ẹ wo ọwọ́ mi bó ṣe ń gbọ̀n, ṣé òun ló ń ṣàìsàn ni àbí èmi. Ẹ̀dítọ̀ mi á ní ìròyìn wo ló wà nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé mo máa ń jowú àbúrò mi, torí òun nìkan ni wọ́n ń ra Lucozade fún.

Ẹ ní ilé tó dáa kì í kó àìsàn ara wọn síta. Ṣebí ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiyín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Fẹlá kú ní August 2, 1997, ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, sọ fún àwọn oníròyìn pé AIDS ló fa ikú àbúrò òun, nígbà tó jẹ́ pé “àìsàn ráńpẹ́” ni gbogbo ayé ń kọ sí obítúárì. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àwa kì í ṣe Ransome-Kuti. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n “àìsàn ráńpẹ́” lẹ kọ sí ti àbúrò mi náà, ọmọ tó ti ń ṣàìsàn láti kékeré!

Ti àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ́kọ tí ẹ sọ, pé ìwé mi lè ba ọ̀nà wọn jẹ́, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń so èèyàn pọ̀ lónìí tí ò ní béèrè gẹ́nótáìpù? Èsì wọn ti wà lórí tábìlì pásítọ̀ kí ìwé mi tó jáde, nínú èèyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS, ẹni tí ò ní àìsàn yìí ṣùgbọ́n tó lè bí ọmọ SS.

Èyí tó máa dùn yín ni ti ìyá ẹlẹ́kọ. Màá kọ ọ́. AS ni dádì, AS ni mọ̀mí, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, 25% ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, ìyá ẹlẹ́kọ ò sí nínú ìṣirò yẹn, síbẹ̀ wọ́n pè é lájẹ̀ẹ́ títí tó fi kó kúrò ládùúgbò. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọkàn yín balẹ̀.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ bá mi wá fọ́tò àbúrò mi tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ọsibítù tó ní ká kọ́kọ́ lọ wá dìpọ́síìtì wá lóru ọjọ́ yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló yá wa lówó? Dádì ní ẹ̀yin ni, mọ̀mí sì ń sọ nígbà ayé wọn pé ìyá ẹlẹ́kọ ni. Ẹ má fi vóìsì nóòtù dáhùn, ẹ jẹ́ kí n dé.

Ọmọ yín ni.