Lẹ́tà gbangba sí ẹ̀yin gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá: ẹ jẹ́ kí owó àyíká dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ igbó àti odò wa

Sí ẹ̀yin ọlọ́lá jù lọ, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àti sí ẹ̀yin aṣòfin ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

A kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìsùn. Àwa tí a kọ ìwé yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a máa ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà, olùkọ́ wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì lo ọdún kan níbí náà wà. Ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, ilé ló máa ń já sí. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ọ̀rọ̀ ilé náà ti di ọ̀rọ̀ omi àti òjò. Ẹnìkan á ní omíyalé ti gba yàrá ìyá òun n'Íbàdàn, ẹlòmíràn á ní òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dá, àgbàdo tí bàbá òun gbìn gbẹ mọ́lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bẹ̀ yín fún. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó àyíká tó ń wọlé fún un, kí ẹ máa fi ṣe owó ìrànwọ́ kéékèèké fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú tó ń dáàbò bo igbó, odò, ẹranko àti etí òkun wa. (A kò gbàgbé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kwara àti Kogi, a ó kọ̀wé sí ìjọba tiwọn náà.)

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa wá láti abúlé kan lẹ́bàá odò tó ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun. Àwọn obìnrin abúlé náà ti ń gbin igi sí bèbè odò wọn láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, torí pé bí àwọn agbẹ́gẹdú ṣe ń gé igi ibẹ̀ ni ilẹ̀ ń ya wọ inú omi, tí kànga sì ń gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Fúnra wọn ni wọ́n ń ṣa èso igi nínú igbó. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí àwọn ọmọ ti mu tán ni wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí, tí wọ́n ń gbin èso náà sí, tí wọ́n sì ń bomi rin ín títí yóò fi tó lọ sí bèbè odò. A dáwó fún wọn níbí kí wọ́n lè gbẹ́ kànga kan sí ibi tí àwọn igi kékeré náà wà, kí wọ́n sì ra wáyà tí wọn ó fi ṣọgbà nítorí ewúrẹ́. Owó náà kò tó ohun tí ìdílé kan ń ná lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Oṣù márùn-ún ló gbà á kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n lọ ní òun kò lè ṣí àpò fún ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n wá ìwé CAC lọ, wọ́n bá owó lọ́yà àti owó ìkéde pàdé níbẹ̀. Wọ́n tún gbọ́ pé ìwé SCUML, ti ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ owó àìmọ́, ṣì ń bẹ níwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni alága wọn, ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ mọ́tò lọ sí ìgboro lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tí wọ́n ti ń dá owó sí láti ìgbà pípẹ́ ló bá wọn gba owó náà. Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí wáyà tó dé, ewúrẹ́ sì ti jẹ ìdajì àwọn igi náà.

Níbí ńkọ́? Nígbà tí àwa fẹ́ gba ilẹ̀ kékeré kan tí a ó máa bá àwọn ọmọ wa gbin ẹ̀fọ́ àti igi eléso sí, a kọ̀wé béèrè owó lábẹ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Awards for All. Inú lọ́tìrì orílẹ̀-èdè yìí ni owó náà ti ń wá, ẹgbẹ́ kékeré sì lè béèrè láti £300 títí dé £20,000. Ìwé òfin ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ní kí a mú wá, àti àpò ìfowópamọ́ tí ẹni méjì tí kò bára tan jọ ń fọwọ́ sí. Wọn kò béèrè lọ́yà, wọn kò sì bi wá pé ta la mọ̀. Àlejò ni wá nílẹ̀ yìí o. Ó dùn wá wọra pé ìyá kan ní ilẹ̀ baba rẹ̀ kò rí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kàn.

Tẹ́lẹ̀, òkè òkun ni àwọn ẹgbẹ́ ilé ń yíjú sí, ọ̀nà yẹn sì ti ń dí. Ní oṣù kìíní 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, USAID, àjọ tó ń bá wọn pín owó náà, ti kógbá sílé. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ń san owó orí fún kéde pé owó ìrànwọ́ òun, tó jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè, yóò di ìdá 0.3 ní 2027. A sọ ẹ̀dùn ọkàn wa fún àwọn aṣòfin ibí. Àmọ́ ẹni tó gbójú lé ogún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, àwọn baba wa ti wí i tipẹ́.

Owó sì wà nílé. Láti 1981 ni Nàìjíríà ti ní owó àkànṣe fún ọ̀rọ̀ àyíká, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ecological Fund, tí wọ́n ń yọ nínú àpò àjọni ìjọba. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìyípadà ojú ọjọ́, òfin náà sì ní kí àpò owó kan wà fún iṣẹ́ yìí. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kejìlá 2017, ìjọba àpapọ̀ ti yá ₦10.69 bílíọ̀nù lọ́wọ́ àwọn olókoòwò fún iṣẹ́ àyíká nìkan. Ohun tí àwa kò rí nínú gbogbo èyí ni ọ̀nà tí ẹgbẹ́ obìnrin kan lábúlé yóò gbà rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó gba iṣẹ́, ó da kọnkéré, ó lọ. A kò bá kọnkéré jà. Ibi tó yẹ kí kọnkéré wà, kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọnkéré kò lè ṣọ́ igbó.

Ẹ rántí omíyalé odò Ògùnpa n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Ẹ rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 n'Íbàdàn kan náà, tí ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá omi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 láti tún ojú omi ìlú náà ṣe. Iṣẹ́ yẹn wúlò, a kò sì ní bù ú kù, àmọ́ lẹ́yìn ikú ló dé. Yorùbá ní agbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ta wá ni onílé yìí? Lójú tiwa, òun ni ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń kó ọ̀rá àti pàǹtí kúrò nínú gọ́tà ní Sátidé, tí wọ́n mọ ilé tó dí ojú omi àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ṣọ́bìrì, bàrò àti bàtà òjò ni wọ́n nílò, kì í ṣe mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹ tún bá wa dé igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 1925 ló ti jẹ́ igbó ọba. Ní 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bá wa tọ́jú. Ó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú lóròó lọ, erin sì ń bẹ nínú rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí a sọ èyí nípàdé wa, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n jókòó níbẹ̀ kò gbà á gbọ́, wọ́n ní ìtàn àtijọ́ ni. Kì í ṣe ìtàn. Erin gidi ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ tí ìjọba kankan kò lè ṣe: ó jẹ èso igi níhìn-ín, ó rìn jìnnà, ó yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ibòmíràn, igi sì hù níbẹ̀. Bí erin bá tán nínú igbó, àwọn igi kan wà tí kò tún ní rí ẹni bá wọn gbé ọmọ wọn rìn mọ́. Ohun tó ń lé erin náà kiri ni oko kòkó tó ń wọ inú igbó lójoojúmọ́, gẹdú tí wọ́n ń là lóru, àti èédú. Nigerian Conservation Foundation ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan lára ohun tó sì wú wa lórí jù lọ ni pé ọdẹ tó ti fi ìbọn sílẹ̀ wà lára àwọn aṣọ́gbó. Ta ló mọ ojú ẹsẹ̀ ẹran bí ọdẹ? Ìjálá wọn kún fún oríkì erin, ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọdẹ abúlé kọ̀ọ̀kan tó yí igbó náà ká lè béèrè owó fún tọ́ọ̀ṣì, fún fóònù, fún owó oṣù ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta, láìjẹ́ pé ọ̀gá kan láti ìlú ńlá gbọ́dọ̀ bá wọn kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

A lè máa ka irú rẹ̀ lọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ inú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, síbẹ̀ omi odò náà ti pọ́n bí amọ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, àwọn ènìyàn sì ń mu ún. Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ni òkun ń gbé mì ní ojúlé dé ojúlé. Odídẹrẹ́ tí a fi ń ki ará Ìwó, òfin àgbáyé ti ka òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì léèwọ̀ láti 2017, torí pé ó ń tán lọ.

Bí ẹ bá gbà fún wa, báyìí la ṣe rò ó. Kí náírà márùn-ún ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó àyíká tó dé ọwọ́ ìpínlẹ̀ máa lọ sí àpò yìí. Kí ẹgbẹ́ lè béèrè láti ₦200,000 títí dé ₦5,000,000. Kí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó ti fìdí múlẹ̀ lè gba owó fún ẹgbẹ́ tí kò tíì ní ìwé CAC. Kí ìwé ìbéèrè wà ní Yorùbá, kí ẹni tí kò sì lè kọ ọ́ sọ ọ́ sínú fídíò. Èyí kì í ṣe àlá: ètò owó kéékèèké ti GEF (àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àyíká), tó ti wà láti 1992 lábẹ́ UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti gba ìbéèrè tí àwọn ará abúlé fi fídíò ṣe, ó sì ní òfin pé àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Lórí igi gbígbìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san owó lórí iye igi tí wọ́n gbìn. Èkó ní ọjọ́ igi gbígbìn ní ọjọ́ 14 oṣù keje lọ́dọọdún, inú wa sì ń dùn sí i. Àmọ́ igi tí gómìnà bu omi sí níwájú kámẹ́rà ṣì ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì láti là kọjá. Iye igi tó yè lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni kí ẹ fi san owó tó kù.

A mọ̀ pé ẹ ó ní àwọn ẹgbẹ́ orí ìwé yóò pọ̀ bí eṣú ní kété tí ẹ bá kéde owó. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, nítorí a ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ pín owó náà lẹ́ẹ̀mẹta dípò kí ẹ san án lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lẹ orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ abúlé, iye owó àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ àti ààfin ọba, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò ní Yorùbá. Ará abúlé tó gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n gba mílíọ̀nù méjì láti gbin igi sí odò òun, tí kò sì rí igi kankan, kò ní dákẹ́. Kò sí ayẹ̀wéwò tó mọ ibẹ̀ tó o.

Àwa náà kò ní káwọ́ gbera. Ìpínlẹ̀ tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, a ó fi náírà kan kún náírà kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá gba owó níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ inú wa yóò sì bá yín kọ ìwé ìbéèrè ní Yorùbá tó já gaara, lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ yín ni kí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìsúnà ọdún tó ń bọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin, kí ẹnìkan nínú ilé iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dá wa lóhùn.

Ìyá alága tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti tún ń ṣa èso igi jọ. Nígbà tí a bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi wá bóyá kí àwọn gbin tó ti èṣí tàbí kí wọ́n dín in kù títí ọ̀rọ̀ owó yóò fi lójú. A ní kí wọ́n gbin tó ti èṣí.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwa ọmọ Yorùbá ní Manchester