Ta ló láṣẹ láti sọ pé ìrìbọmi àbúrò mi kì í ṣe ìrìbọmi?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka lẹ́tà táwọn èèyàn ń kọ sí yín lórí ta ló ni àṣẹ ìkọ́ni nínú ìjọ Kristi, àwọn ará wa Kátólíìkì ní Peteru ni Jésù kó kọ́kọ́rọ́ fún, Póòpù ló sì wà nípò Peteru, ó parí, àwọn tó kù ní Bíbélì nìkan ti tó, ìjọ kankan ò láṣẹ lórí ẹ̀kọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bíi pé àtayé àwọn àpọ́sítélì ni nǹkan ti yanjú. Kò yanjú rárá, àwọn tó sún mọ́ ìgbà yẹn jù wá lọ jà lé e lórí, wọ́n sì jà gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa rí. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, ìjọ ọkọ rẹ̀ ní àwọn ò ní so wọ́n pọ̀ àfi tó bá tún ìrìbọmi ṣe, torí Áńgílíkà ni wá, àtìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n ti wọ́n omi sí i lórí. Bàbá wa lọ gbé káàdì ìrìbọmi rẹ̀ jáde látinú àpótí, káàdì tó ti pọ́n, tó ti ń ya níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, àmọ́ tí orúkọ àlùfáà ṣì hàn dáadáa lórí ẹ̀. Pásítọ̀ wò ó, ó rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá, èyí kì í ṣe ìrìbọmi." Bàbá ní ta ló fún yín láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní Bíbélì ni. Bàbá ní, ta ló wá sọ fún yín pé ìwé báyìí báyìí ni Bíbélì? Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń kàwé kiri. Ibi tí mo bá a dé ni Carthage, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tùnísíà lónìí, níbi tí Bíṣọ́ọ̀bù Cyprian ti bá Stephen tó jẹ́ Póòpù ní Róòmù fà á lọ́dún 255 sí 256, ọ̀rọ̀ ìrìbọmi náà sì ni! Àwọn kan ti ṣèrìbọmi lọ́dọ̀ Novatian tó ya ìjọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ ní Róòmù lọ́dún 251, wọ́n wá ń padà bọ̀. Stephen ní ẹ gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó ti tó, bí wọ́n ṣe fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn. Cyprian ní rárá o, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òde ìjọ kì í ṣe ìrìbọmi, torí náà a ò tún un ṣe, àkọ́kọ́ là ń ṣe, àṣà tí kò bá sì ní òtítọ́ nínú, àṣìṣe tó ti gbó ni. Stephen wá di ipò Peteru mú. Lẹ́tà Firmilian, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà ní Kapadókíà, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, la fi mọ̀, ó bínú kọ̀wé pé Stephen ń fi jíjogún Peteru yangàn, pé nígbà táwọn bíṣọ́ọ̀bù tí Cyprian rán dé Róòmù, kò gbà láti rí wọn, ó tún ní kí onígbàgbọ́ kankan má gbà wọ́n sílé.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 256, bíṣọ́ọ̀bù 87 pé jọ sí Carthage, wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn Cyprian ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni Cyprian ti ní kò sẹ́nì kan nínú wa tó sọ ara rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ará wa Kátólíìkì, tó bá jẹ́ pé gbogbo ayé ló gbà nígbà yẹn pé bí Róòmù bá ti sọ̀rọ̀ abẹ gé e, kí ló dé tí bíṣọ́ọ̀bù tó tó báyìí kọ̀?

Àmọ́ kí ẹ̀yin oníbíbélì nìkan má tíì pàtẹ́wọ́. Lọ́dún 256 yẹn, wọn ò tíì fẹnu kò lórí ìwé tó yẹ kó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí Hébérù, Peteru Kejì àti Ìfihàn. Ó di ọdún 367 kí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, tó ka ìwé 27 sílẹ̀ nínú lẹ́tà tó kọ sáwọn ìjọ fún ọdún Àjíǹde, gẹ́lẹ́ bá a ṣe ní wọn lónìí. Bíṣọ́ọ̀bù ni o. Ìjọ ti ń kọ́ni, ó ti ń ṣèrìbọmi, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń kú nítorí Jésù, kí ọ̀rọ̀ ìwé náà tó yanjú. Cyprian tó le koko yẹn gan-an, nígbà tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Magnus kọ̀wé bi í nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n wọ́n omi sí lórí ibùsùn, ó ní ìrìbọmi wọn pé. Kì í ṣe bí omi ṣe pọ̀ tó ló ń bá jà.

Ohun témi gbà gbọ́ ni pé gbogbo ìjọ lápapọ̀ ni Jésù fún ní àṣẹ náà, bó ṣe rí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15, tí Peteru sọ̀rọ̀, tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ròyìn, tí Jákọ́bù wá dá a lábàá, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó dára lójú Ẹ̀mí Mímọ́ àti lójú àwọn. Kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ní Róòmù, kò sì sí lọ́wọ́ pásítọ̀ kan tó dá Bíbélì gbé lọ́wọ́ ní Ìbàdàn.

Stephen kú lọ́dún 257, wọ́n bẹ́ orí Cyprian ní September 258. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Arles, ní ilẹ̀ Faransé òde òní, lọ́dún 314 gbè sẹ́yìn ọ̀nà Stephen, pé ẹni tí wọ́n bá ti ṣèrìbọmi fún ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, kí wọ́n má tún un ṣe mọ́. Síbẹ̀ Róòmù ò sọ Cyprian nù, orúkọ rẹ̀ ń bẹ nínú àdúrà Mísà wọn títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn Póòpù.

Àbúrò mi ṣèrìbọmi lẹ́ẹ̀kejì, kí ìgbéyàwó ṣáà lè wáyé. Bàbá ò bá wa lọ sétí odò lọ́jọ́ náà. Káàdì yẹn ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, tí pásítọ̀ náà bá sì ń ka ìwé ìròyìn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún un pé Bàbá ṣì ń retí ìdáhùn.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.