Ọkọ̀ mi ń kú lọ́nà Mọ̀pà, ìdérí ló ń pa á

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ máa lọ sórí àkìtàn, nítorí pé wọ́n ń kú sójú ọ̀nà, mo ní èsì fún un.

Péjò 504 ni mo ń wà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Lọ́dún tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì tí mo bá ń ti Ìsánlú lọ sí Kàbà. Kò ní gbọ̀n, kò ní wúkọ́, á kàn dákẹ́. Tírélà sìmẹ́ńtì á máa da eruku bò mí, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á máa kí mi pé "Okun o." Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń kíni, òun la tún fi ń báni kẹ́dùn, n kò bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì. Tó bá tó ogún ìṣẹ́jú, mo ṣíná, ọkọ̀ jí, ó sì gbé mi délé wẹ́rẹ́.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kọ́ìlì, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ló ń gbóná. A pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ní pọ́ǹpù epo ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Ẹ̀kẹta tú kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, palẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Wọn ò purọ́ o, kọ́ìlì tó ti gbó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í kú lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n ń wá àìsàn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti wa ọkọ̀ akérò rí ló ní, "Àbúrò, ìgbà tó bá kú gan-an ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Iná ni kò ní, àbí epo?" Nígbà tó tún kú lẹ́yìn Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, mo tú plọ́ọ̀gì kan, mo fi kan ara ẹ́ńjìnnì, ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́: iná aláwọ̀ búlúù ṣẹ́jú. Mo dá plọ́ọ̀gì padà kí n tó fọwọ́ kan ọ̀nà epo (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀). Epo kò dé kábúrétọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo sì ra epo kún táǹkì!

Mo lọ ṣí táǹkì wò. Bí mo ti yí ìdérí, mo gbọ́ "fíììì," atẹ́gùn ń wọlé. Mo ṣíná, ó jí lójú ẹsẹ̀, láìdúró ogún ìṣẹ́jú kankan.

Ọmọkùnrin kan nílé epo ló sọ ìdérí àtijọ́ nù. Èyí tí mo rà rọ́pò kò ní ihò èémí. Ẹni tó bá ti lu ihò kan ṣoṣo sí agolo mílíìkì rí mọ̀ ọ́n: mílíìkì kò ní jáde, àfi tó bá lu èkejì kí atẹ́gùn lè wọlé. Bí epo ṣe ń lọ, tí atẹ́gùn kò rọ́pò rẹ̀, táǹkì á máa fa epo padà títí pọ́ǹpù kò fi ní rí i fà mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọjọ́ tí mo bá ra epo kún ló máa ń tètè kú jù, torí àyè atẹ́gùn inú táǹkì kò tó nǹkan.

Mo ra ìdérí tó ní ihò èémí. Láti oṣù mẹ́rin, kò kú mọ́. Kọ́ìlì àtijọ́ àti pọ́ǹpù àtijọ́ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Bí ẹni tó kọ̀wé yẹn bá ní 504 tó fẹ́ gbé lọ sórí àkìtàn, kí ó kọ́kọ́ gbé e gba ìlú wa kọjá.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí