Ta Ni Ó Ń Dá Owó Lé Ọjà?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, asalamu alaekun wa rahmatullahi wa barakatuhu.

Oníṣòwò kan tí a jọ ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí yìí bi mí léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí òun tilẹ̀kùn mọ́ àwọn àpò ìrẹsì òun títí ọjà yóò fi wọ́n, ó sì fi hádíìsì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn pé Ọlọ́hun ni Ó ń dá owó lé ọjà. Òtítọ́ ni hádíìsì náà, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó kà fún mi.

Anas ọmọ Malik, ẹni tí ó sin Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ròyìn pé nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn bẹ Ànábì pé kí ó dá iye kan lé e. Ó dáhùn pé Ọlọ́hun ni Ó ń dá owó lé ọjà, Òun ni Ó ń há a, tí Ó sì ń tú u sílẹ̀, àti pé òun ń retí láti pàdé Olúwa òun láìsí ẹnikẹ́ni tí yóò fi ẹ̀sùn àbòsí kan òun lórí ẹ̀jẹ̀ tàbí dúkìá. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni oníbéèrè wa fò: ìbẹ̀rù àbòsí ni Ànábì fi kọ̀. Ànábì yìí kan náà ni ó sọ pé kò sí ẹni tí ń kó ọjà pamọ́ de ọ̀wọ́n àfi ẹlẹ́ṣẹ̀, tí ó sì kọ̀ fún ará ìlú láti lọ pàdé àwọn ọlọ́jà lójú ọ̀nà, kí ó sì ra ẹrù wọn kí wọ́n tó mọ iye tí ó ń lọ lọ́jà.

Abu Yusuf, adájọ́ àgbà ní Baghdad nígbà ọba Harun al-Rashid, tí ó kú ní ọdún 798, ti ṣàkíyèsí pé oúnjẹ lè pọ̀ kí ó sì wọ́n, ó sì lè kéré kí ó dínwó; ìyẹn ni pé kì í ṣe pípọ̀ tàbí kíkéré rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ iye tí yóò lọ.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Ibn Taymiyyah, onímọ̀ ẹ̀sìn ní Damasku (1263–1328), ni ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ jù lọ. Ó ní ọjà lè wọ́n nítorí pé ohun tí ń wọ̀lú dínkù, tàbí nítorí pé àwọn tí ń wá a pọ̀ sí i. Bí olùtajà bá ń tà bí àwọn yòókù ti ń tà, láìṣe màgòmágó, lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni èyí ti wá, ẹni tí ó bá sì fi ipá dá iye lé e ni ó ṣe àbòsí. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni àwọn kan di ohun tí ará ìlú kò lè ṣe aláìní mú, kí wọ́n lè tà á ní ìlọ́po, aláṣẹ gbọ́dọ̀ mú wọn tà á ní iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀rí tí ó mú wá jinlẹ̀: bí ẹnì kan bá dá ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ lára ẹrú àjùmọ̀ní, Ànábì pàṣẹ pé kí a díye lé ẹrú náà láìbù, láìfikún, kí a fi san ẹ̀tọ́ ẹnìkejì. Bí Ànábì bá lè dá iye lé e kí ẹnì kan ṣoṣo lè gba òmìnira, àǹbọ̀sìbọ́sí oúnjẹ gbogbo ìlú.

Muhtasib, alábòójútó ọjà tí aláṣẹ yàn, ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, òun ni ó ń yẹ òṣùwọ̀n wò káàkiri ọjà. Ilẹ̀ wa náà ní irú rẹ̀: ẹ rántí pé kí Pàràkòyí tó di oyè àdínì láàrin wa, àwọn Pàràkòyí ni wọ́n ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ajé nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Al-Maqrizi (1364–1442) ṣe muhtasib ní Kairo, nígbà tí ìyàn sì mú ní Íjíbítì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ra ipò, owó ilẹ̀ tí ó ga, àti owó bàbà tí ó kún ìgboro ni ó fà á.

Mo sọ fún oníbéèrè wa pé kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó máa tà ní iye tí ọjà ń lọ lónìí. Bí ó bá lọ sókè láìlọ́wọ́ rẹ̀ nínú, èrè rẹ̀ ni. Ó wá bi mí pé bí iye ọjà kò bá tó owó tí òun fi rà á ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ́, a ó sì jókòó tì í ní Àsàlátù ọjọ́ Àìkú.