Mo Rí Gìtá Rẹ

Ìtòkú, Abẹ́òkúta
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àkànmú mi ọ̀wọ́n,

Mo rí gìtá rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè bí òtútù Kánádà ṣe ń ṣe ọ́, torí láti ìgbà tí mo ti rí i, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa mọ́. Gìtá bèèsì pupa yẹn, èyí tí igun rẹ̀ kan fọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí táyà wa bẹ́ ní Ṣíún. Téèpù dúdú tí o fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ló gbé e kọ́ ọrùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ta á bí ẹni tí ebi ń pa. Kò mọ̀ pé ẹni tó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ gbogbo ojú àpá tó wà lára ohun tí òun gbé dání.

O máa ní kí ni mo wá lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Mi ò kọrin lóru mọ́. Ó ti pé oṣù méje. Mi ò sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù nítorí pé nígbàkúgbà tí o bá pè mí, ẹnu iṣẹ́ lo máa ń wà, ariwo àwọn ará ibẹ̀ á gbà á mọ́ ọ lẹ́nu, irú ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣeé sọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rù náà sì ń bà mí. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé máìkì lé mi lọ́wọ́ ní Kútọ̀. Mi ò fẹ́ kí o rò pé mo ti sọ gbogbo ohun tí a jọ ṣe di àìdáa.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ yàhúù kan ń ṣe ọjọ́ ìbí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkè-Ìlewó. Olóde gan-an kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún lójú tèmi. Owó tí wọ́n ná lálẹ́ ọjọ́ náà, báàgì la fi ń kó o. Ó wá sún mọ́ mi, ó ní, “Kì mí bí wọ́n ṣe ń ki ọmọ olówó.” Mo bi í léèrè oríkì ilé wọn, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. O mọ̀ pé itọ́ kì í gbẹ lẹ́nu mi. Mo pè é ní erin, mo pè é ní àràbà, mo fi í wé gbogbo ohun tó ga nínú igbó. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tán. Owó kò sì tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àkànmú, ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni oríkì bàbá mi.

Oríkì tí wọ́n fi ń jí mi láràárọ̀. Èyí tí wọ́n kì fún ọ náà lọ́jọ́ tí a mókè nínú ìdánwò, tí o bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, tí o ní kòkòrò ló kó sí ọ lójú. Mo kì í láti ìbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan ń fa òmíràn, títí ó fi kan ẹni tó bá àwọn Ẹ̀gbá lọ jà ní Ìjàyè. Ọmọ yẹn ń mi orí, ó ń gbà á bíi pé tirẹ̀ ni. 50,000 náírà ló ná fún mi lórí ìyẹn nìkan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé “Ọmọ ọkọ!” Mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo kúrò níbẹ̀. Mi ò wọ ọ̀kadà. Mo fẹsẹ̀ rìn gba Ìbàrà, mo gba Ìṣábọ̀ dé Sapọ́n, kò sí ẹlòmíràn lójú títì àfi àwọn tó ń gbálẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé, Màámi ti jí. Wọ́n jókòó síwájú àtùpà, ọwọ́ wọn tí aró ti pa láró gbé Bíbélì dání, wọ́n ń ka Orin Dáfídì 40 sókè fún ara wọn. Wọn kò wo ẹ̀yìn wò mí. Wọ́n ka ibi tó ní Ó fi ẹsẹ̀ mi ka orí àpáta, wọ́n ka ibi tó ní Ó fi orin tuntun sí mi lẹ́nu. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì owó lọ́wọ́. Orin tuntun ni wọ́n ń kà, èyí tó ti wà nílẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà bọ̀ yìí.

Mi ò ṣubú lulẹ̀, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Mo wọlé, mo sùn di ọ̀sán. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo tún padà lọ kọrin. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ti la ẹnu láti ki èèyàn, ohùn bàbá mi ni mo ń gbọ́, àyà mi á já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fara dà á. Ní ọjọ́rú kan, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Bíbélì. Ẹni tó ń ta pákó ni pásítọ̀ wọn, èèyàn méjìlá ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí ní olórin. Mo fi ayé mi fún Jésù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba kí o lè tún un kà.

Inú Màámi dùn débi pé wọ́n sè ọ̀fadà láìsí ọdún. Ó yẹ kí o rí wọn. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ eré alẹ́, ọ̀rọ̀ Àyìnlá Ọmọwúrà ni wọ́n fi ń ṣe àdúrà lé mi lórí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ní 1980 tí wọ́n pa Àyìnlá nínú ìjà ilé ọtí níbí, wọ́n ní àwọn ò tíì gbàgbé bí àwọn obìnrin ṣe ń ké kiri àdúgbò. Bí mo bá pẹ́ lóde, ìyẹn ni wọ́n máa ń rò, wọn kì í lè sùn. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn ń jí kùtùkùtù ni.

Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ń dá mi lóhùn. Wọ́n ní ta ni mo ń farawé, ṣé Obey ni? Wọ́n ní Obey ti ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti 1964, àwọn ọdún 1990 ló tó yà sí iṣẹ́ ìhìnrere, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n kó tó lọ. Èmi ńkọ́, ta ló mọ̀ mí kọjá Ìjẹ̀bú? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Owó tí mo máa ń rí ní alẹ́ kan, mi ò rí i ní oṣù kan mọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́rin ní kíbọ́ọ̀dù ní Ìdí-Àbá, mo ń bá Màámi gbé àdìrẹ lọ sọ́jà. Mo ti wá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sáré ṣe. Ọ̀gá akọrin wa àtijọ́ ní Aké (ó ṣì wà láyé, ó ṣì ń lo pàṣán!) ló tù mí nínú. Mo sọ fún un pé orin ṣọ́ọ̀ṣì kò ní ata tó. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé bàbá àgbà Fẹlá, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ohùn ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n mú, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìyìn sí i, tí wọ́n sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù lọ gbà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1922. Ó ní bí ata kò bá tó, kí n lọ̀ ọ́. Mo ti ń lọ̀ ọ́, Àkànmú. Mo ti kọ orin mẹ́ta. Wàá fẹ́ràn èkejì, àyè bèèsì wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Kí n má gbàgbé: mo kí ìyá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara wọn le, orúnkún wọn ọ̀tún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n rí owó tí o fi ránṣẹ́. Bàbá onímótò wa ti kú, wọ́n ti sin ín. Àbúrò rẹ wọ yunifásítì FUNAAB. Bí o bá ń bọ̀, má gba títì, reluwé ń gbé èèyàn láti Èbúté-Mẹ́ta dé Láderin, wàá sùn dé ilé.

Ó yẹ kí n dé ibi tí mo ń lọ báyìí. Mo ti ń yí i po láti òkè.

Pásítọ̀ fẹ́ kí n jẹ́rìí níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè. Wọ́n rò pé ọtí àti obìnrin ni màá sọ, ohun tí gbogbo olórin máa ń sọ. Mo ti gbà, mo tiẹ̀ ti ń tò ó lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọ yẹn dé láti Ọ̀tà wá gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ó gbé gìtá rẹ wọlé, gbogbo ohun tí mo tò sì wó.

Ojúde Ọba, 2019. Àríyá tí a lọ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo sọ fún yín pé 150,000 náírà ni olóde san, a pín in sí márùn-ún, kálukú gba 30,000. Irọ́ ni. 350,000 ló san. 70,000 ló yẹ kó kan ọ́.

Mo ti kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni owó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS rẹ kò pé. O bi mí bóyá mo ní nǹkan lọ́wọ́, mo ní mi ò ní. A jọ gbé gìtá náà lọ sí Pańṣẹ́kẹ́ ni. Orí itan mi ló wà lórí ọ̀kadà, torí o ní o ò fẹ́ gbé e fúnra rẹ. 45,000 ni wọ́n rà á. Nígbà tí a ń padà bọ̀, o ra bọ́ọ̀lì fún èmi àti ìwọ, o ní kí n má banú jẹ́ nítorí rẹ. Owó yẹn wà lábẹ́ ibùsùn mi lọ́jọ́ náà. Mo fi ra fóònù, wọ́n sì jí fóònù náà kí oṣù kẹta tó pé.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń kọrin pé a ti wẹ̀ mí mọ́. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbé e pamọ́ ni.

Mo ti ta kíbọ́ọ̀dù mi, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ní 210,000. Mo fún àwọn mẹ́ta yòókù ní 40,000 kálukú wọn. Onígìtá wa ní Ìlọrin dárí jì mí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Onídùrọ́ọ̀mù gba owó lákáǹtì, kò fèsì. Onígángan ni mo lọ bá nílé ní Adátán. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Àjàní, ọmọ mi wà ní ọsibítù lóṣù yẹn.” Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè mi.

Ó ku 90,000 tó jẹ́ tìrẹ. Mo mọ̀ pé 40,000 ọdún 2019 ra àpò ìrẹsì méjì, lónìí kò ra ẹyọ kan, nítorí náà má rò pé mo fi lé e ni. Sákéù ní ìlọ́po mẹ́rin ni òun máa san padà. Èmi náà fẹ́ san án tó bẹ́ẹ̀, á pẹ́ díẹ̀ ni.

Gìtá náà ló wá kù. Mo ti bá àbúrò bàbá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ó ní tí mo bá mú 150,000 wá, òun á tà á fún mi. Mo lè rí i kó jọ kí oṣù Kejìlá tó wọlé, kí n gbé e lọ sílé ìyá yín, kí o bá a níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà kò ní òmíràn, ó sì ń ta á dáadáa, ó máa ń fi ìka àtàǹpàkò lu okùn ìsàlẹ̀ bí ìwọ ṣe máa ń ṣe, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí mo lè dá pinnu. Tìrẹ ni gìtá. Bí o bá ní kí n rà á, mà á rà á. Bí o bá ní kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mà á fi owó náà ránṣẹ́ sí ọ.

Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn, kódà bó jẹ́ èébú ni. Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé mi ò ní jẹ́rìí kankan lọ́jọ́ ìkórè títí màá fi gbọ́ ohùn rẹ. Sátidé la máa ń ṣe ìdánrawò, aago mẹ́rin. Ọmọ yẹn máa ń dé ṣáájú gbogbo wa, á ti tún okùn rẹ̀ ṣe, á máa wò mí pé kí n fún òun ní ohùn tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Àjàní