Lẹ́tà sí Màámi láti Gillingham

Gillingham, Kent,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú àdúrà lórí wa. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, òtútù náà sì ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi kí Dádì.

Mo gbọ́ ohun tí Àǹtí Ìbàdàn sọ nígbà tí wọ́n rí fọ́tò mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní ṣé ìwé ni mo wá kà ni àbí fàájì ni mo wá ṣe, pé lónìí mo wà létí òkun, lọ́la mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Mi ò bínú sí wọn, ọ̀rọ̀ owó ló ń ká wọn lára. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín, kẹ́ ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn.

Ìwé ń lọ. Òfin físà wa kò gbà ká ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Bí mo bá ti ṣe tèmi tán níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, Sátidé máa ń ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Kí n wá jókòó sínú yàrá kan kí n máa wo ògiri? Mo ní káàdì rélùwéè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ ni wọ́n fi ń dín in fún wa. Ìrẹsì àti dòdò sì ni mo máa ń dì sínú ike láti ilé. Àwọn ará kíláàsì mi tó ń jẹ bọ́gà lójoojúmọ́ ń náwó jù mí lọ dáadáa.

Ohun tó tì mí jáde gan-an ò jìnnà sílé. Àdúgbò kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n ń pè ní Canterbury Street, ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá. Ilé kan wà níbẹ̀, Palm Cottage, tí wọ́n kan àmì mọ́ lára ní 2016 pé Sarah Forbes Bonetta gbé ibẹ̀ rí. Màámi, Àìná lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, nítòsí wa níbẹ̀ yẹn! Ogun Dàhòmì ló kó o ní 1848. Nígbà tó di 1850, Ọba Ghezo fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, bí ẹni fa àgbò fún àlejò, pé kó mú un lọ fún Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tó yá, Ọbabìnrin fi í sọ́dọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Schön àti ìyàwó rẹ̀, nínú ilé tí mò ń wí yìí. Schön yìí kan náà ló bá Àjàyí Crowther wọ ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya ní 1841. Mo dúró lójú títì, mo ń ka àmì yẹn lákàtúnkà. Ọmọ Yewa, ní Gillingham!

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo wọkọ̀ lọ sí Victoria ní London, mo pààrọ̀ níbẹ̀, ó di Brighton. Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, níbi tó ti ṣègbéyàwó lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862, wà lórí òkè, àmọ́ lójú ọmọ abẹ́ Olúmọ, òkè yẹn ò tó nǹkan. Ọkọ rẹ̀ ni James Davies, oníṣòwò Èkó, ọ̀kan nínú àwọn tó fowó ran CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1859. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá ló gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìlú sì tú jáde láti wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ò fẹ́ ọkùnrin yẹn níbẹ̀rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí Ìyá Schön láti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn fún un mọ́ra ṣá títí ó fi gbà ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o, Màámi, mo kàn ń sọ ìtàn.

Etí òkun wọn yà mí lẹ́nu. Kò sí iyanrìn! Òkúta ni gbogbo rẹ̀, òkúta ọlọ́bọ̀rọ́ tí omi ti fọ̀ dán, tó ń yẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí ìgbì bá fà sẹ́yìn, gbogbo wọn á máa yí lu ara wọn, á máa dún wàrà-wàrà. Orí òkúta yìí làwọn òyìnbó tẹ́ aṣọ sí tí wọ́n ń yáàrùn, nígbà témi wọ kóòtù. Ibẹ̀ ni ẹyẹ òkun kan, ńlá, funfun, ti fò wálẹ̀ tó já dòdò gbà lẹ́nu fọ́ọ̀kì mi. Kò bẹ̀rù èèyàn rárá. Ààfin tí wọ́n kọ́ fún Ọba George Kẹrin nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba tún wà níbẹ̀, òkè rẹ̀ rí rìbìtì-rìbìtì bí ti àwọn ará Íńdíà. Owó ìwọlé ò bá mi lára mu, ìta ni mo ti wò ó.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù ni ti kàtídírà ìlú Canterbury. Ẹ̀yin ni mo rò níbẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta kan wà nínú kàtídírà náà táwọn èèyàn ayé àtijọ́ máa ń fi orúnkún gùn lọ sí ibojì Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí àwọn ológun fi idà pa nínú ilé Ọlọ́run yẹn ní 1170. Orúnkún wọn ti jẹ òkúta náà. Àárín àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ wọnú, mo gbé ẹsẹ̀ lé e, ó gbà mí lẹ́sẹ̀ rẹ́gí. Ẹ gòkè débẹ̀, kò sí ibojì. Ọba Henry Kẹjọ ti ní kí wọ́n fọ́ ọ ní 1538. Àbẹ́là kan ló ń jó lórí ilẹ̀ lásán.

Kì í ṣe Becket ni mo torí ẹ̀ lọ ṣá. Inú kàtídírà yẹn ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa: ọjọ́ Pétérù Mímọ́ ni, ẹni tí wọ́n fi sọ ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Aké. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822 wà níbẹ̀, ó ti darúgbó. Ìyá tó kọ́ ọ ní ABD ní Freetown náà wà níbẹ̀. Mo ń ro Àfàlá, ìyá tó bí i, tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀ ní Òṣoògùn ní 1821, tí wọ́n sì yà wọ́n nípá lóko ẹrú, tó sì jẹ́ pé Abẹ́òkúta wa ni wọ́n ti tún fojú kan ara wọn ní 1846. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá arúgbó kan tó ń mú àlejò kiri rí mi, ó bi mí bóyá kò sí nǹkan. Nígbà tí mo sọ ibi tí mo ti wá, ó mọ orúkọ Crowther, ó sì sọ fún mi pé wọ́n ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà níbẹ̀ ní 2014, nítorí ìwà tí àwọn òyìnbó inú ìjọ hù sí i lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, lójú tèmi. Ó ní kí n ka nǹkan lédè wa. Mo ka Orin Dáfídì 121 látorí fóònù, bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń kà á láàárọ̀.

Mo dé Dover náà. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀: òkè ẹfun funfun létí òkun, atẹ́gùn tó fẹ́ gbé gèlè èèyàn lọ. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, èèyàn á máa wo Faransé lọ́ọ̀ọ́kán. Fóònù mi tiẹ̀ kí mi káàbọ̀ sí Faransé, èmi tí mi ò ní físà wọn.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, bí iṣẹ́ ilé-ìwé bá gbà mí láàyè, British Museum ni mò ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, màá ya fọ́tò rẹ̀ fún Dádì.

Ọmọ ìjọ yín tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èlùbọ́ rán an sí mi, pẹ̀lú àdìrẹ méjì láti Ìtòkú, aláró dúdú ni kẹ́ ẹ rà. Owó ìdánwò àbúrò mi ti wà nílẹ̀, màá fi ránṣẹ́ bí wọ́n bá ti sanwó iṣẹ́ fún wa lọ́jọ́ Ẹtì. Kó má san án fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, báńkì ni kó ti san án, kó sì tọ́jú rìsíìtì.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́