Kí o tó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn

Àdùnní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ti ka ohun tí o kọ sórí fóònù fún mi. O ní o ti rí yàrá kan ní Tanke ní Ìlọrin, pé ejẹ́ǹtì ní kó o tètè sanwó kí ẹlòmíì má bàa gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́, pé kí n bá ọ fi ₦100,000 kún owó ọwọ́ rẹ. Mi ò bínú o. Ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù 8 sẹ́yìn tó ṣì ń sùn ní pálọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Adéwọlé, ó yẹ kó máa wá yàrá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n má tíì sanwó yẹn.

Kí wọ́n tó bí ọ, èmi náà gba yàrá kan ní Gaa-Akanbi. Mo sanwó fún ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní àbúrò onílé. Lọ́jọ́ tí mo kó ẹní àti sítóòfù mi dé, mo bá èèyàn méjì lẹ́nu ọ̀nà kan náà, rìsíìtì lọ́wọ́ kálukú, ọwọ́ ẹnì kan ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gbé adìẹ méjì dání. A ò rí àbúrò onílé yẹn mọ́ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé kó o kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé inú ilé náà, kó o kí wọn dáadáa, kó o bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń sanwó fún. Tí orúkọ tí wọ́n dá bá yàtọ̀ sí èyí tí ejẹ́ǹtì fún ọ, máa bá tìẹ lọ.

Owó ńkọ́? Ejẹ́ǹtì sọ ₦250,000 fún ọ, inú rẹ dùn. Bi í ní ìyókù. Ó lè gba ìdá 10 fún kọmíṣọ̀n, ìdá 10 mìíràn fún àgírímẹ́ǹtì, ìyẹn ₦50,000. Tí onílé bá tún ní kó o fi ₦30,000 sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́, ó di ₦330,000 kó o tó ra ìgbálẹ̀. Tí o bá ń dá ₦33,000 lóṣù sínú àjọ, oṣù 10 ni. Lọ́dún kejì wọn ò ní gba kọmíṣọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n owó ilé á tún pé jọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà oṣù tí o bá wọlé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn ọmọ yunifásítì ló ń mú ilé wọ́n ní Tanke àti Òkè-Odò. Ibi iṣẹ́ rẹ wà ní Taiwo. Wo apá Gaa-Akanbi tàbí Sango náà, kó o sì fi owó kẹ̀kẹ́ oṣù kan kún ìṣirò rẹ.

Ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì lọ́rọ̀ mi wà. Tó o bá wọ yàrá, má wo ọ̀dà. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, kó o fi èékánná ha á. Tí ọ̀dà bá ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, tí abẹ́ rẹ̀ funfun bí iyọ̀, omi ń gun ògiri yẹn láti ìpìlẹ̀. Aṣọ rẹ á hu, àyà á sì máa dùn ọ́. Lẹ́yìn náà, yípo lọ sẹ́yìn ilé. Ilé tí àgbàrá bá ti wọ̀ rí máa ń ní ìlà pupa kan yíká ara rẹ̀ bí ìgbà tó di bẹ́líìtì. Mo ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára ilé kan lẹ́bàá odò Asà, ó ga dé orúnkún mi. Onílé ní kí n rẹ́ ẹ pa kí ayálégbé tuntun tó dé. Mo rẹ́ ẹ, mo gbowó mi. Tọkọtaya kan pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ló kó wọ ibẹ̀. Mi ò sọ èyí fún ìyá rẹ rí.

Nítorí náà, tún padà lọ lẹ́yìn òjò, kó o sì lọ lálẹ́. Gba nọ́ńbà mítà, kó o fi ₦1,000 ra iná sí i kó o tó san kọ́bọ̀ owó ilé. Tí ẹni tó kó jáde bá jẹ gbèsè iná sílẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó rẹ, o ó sì rí i nínú yúníìtì tó bá wọlé. Bi wọ́n bóyá kànga wọn ń gbẹ tó bá di oṣù kejì, oṣù kẹta.

Ní ti ìwé, tọ́jú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ, NIN, fọ́tò, àti ìwé owó oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Wọ́n á ní kó o mú onídùúró wá. Má kàn kọ orúkọ ọ̀gá rẹ síbẹ̀ o. Lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, sọ àdírẹ́sì ilé náà àti iye rẹ̀ fún un. Onídùúró tí wọ́n pè lójijì tó wá ní “Àdùnní wo?”, ilé ti bọ́ nìyẹn. Onílé á bi ọ́ bóyá o ti lọ́kọ. Má purọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan yá ọkọ lọ wo ilé. Gbogbo ìgbà tí bàbá onílé bá rí i ló ń béèrè ọkọ náà, títí ó fi sọ pé ó ti lọ sí Dubai.

Má fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì tí o ò kà tán. Kí orúkọ onílé gan-an wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye oṣù tí wọ́n máa fún ọ tí wọ́n bá fẹ́ kó o jáde.

Màá wọ mọ́tò àkọ́kọ́ ní Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé. Dúró dè mí ní Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin níbẹ̀ láago 9. ₦100,000 yẹn á wà lápò mi, àmọ́ ó dìgbà tí mo bá rí ẹ̀yìn ilé náà. Má sọ fún ejẹ́ǹtì pé bíríkìlà ni bàbá rẹ. Ìyá rẹ ti di èlùbọ́ fún àǹtí rẹ.

Bàbá rẹ.